Awò Lórí Ìbọn Ọdẹ Àtijọ́

Ó lè yà yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ ìbọn. Ìtàn àròsọ kan ni ó sún mi dé ibẹ̀. Ní ọdún 1936 ni Ernest Hemingway gbé ìtàn Francis Macomber jáde, ọlọ́rọ̀ kan tí ó lọ ṣọdẹ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Mannlicher ni ìbọn tí ìyàwó rẹ̀ yìn. Ẹfọ̀n ni a ní ó fojú sùn, orí ọkọ ni ọta bà. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí ohun tí obìnrin náà rí. Èmi fẹ́ mọ bí ìbọn náà ṣe ń jẹ́ kí ènìyàn ríran.

Ìlú Steyr ní Ọ́síríà ni wọ́n ti ṣe Mannlicher-Schönauer ti ọdún 1903. Ó fúyẹ́, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti gbé awò lé. Bí a bá fa irin tí ń ti ọta wọlé sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ ní láti gba àárín òkè ìbọn kọjá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe la ibẹ̀ sí méjì. Ẹni tí ó bá gbé ìjókòó awò dábùú ibẹ̀ ti dí ọ̀nà mọ́ ìbọn.

Àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn Ọ́síríà àti ti Suhl ní Jámánì ní èsì: ìjókòó oníkọ̀ọ́. Irin pẹlẹbẹ méjì ni wọ́n ń fi mọ́ ìbọn, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Awò fúnra rẹ̀ sì ní ẹsẹ̀ tí ó rí bí èékánná ẹyẹ. Ọdẹ á ki èékánná iwájú bọ ihò rẹ̀, á tẹ ẹ̀yìn awò wálẹ̀, ìkọ́ á sì mú, yóò dún kẹ́. Bí ó bá ti irin kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́, awò tún jáde. Lórí Mannlicher, wọ́n a gbé irin ẹ̀yìn sí ìdajì òsì, kí ọ̀nà lè ṣí. Fáìlì ni wọ́n fi ń rẹ́ èékánná kọ̀ọ̀kan títí yóò fi bá ihò tirẹ̀ mu. Awò ìbọn kan kì í jókòó dáadáa lórí òmíràn, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ jáde láti ọwọ́ alágbẹ̀dẹ kan náà.

Kí ló dé tí wọn kò kàn án mọ́ ọn pátápátá? Òjò ni. Ọ̀rinrin a máa wọ inú awò, dígí a sì ṣú. Ọdẹ á yọ ọ́, á padà sí irin ìfojúsùn. Ní 1947, ilé-iṣẹ́ Leupold ní Oregon, Amẹ́ríkà, gbé awò tí wọ́n fi gáàsì nitrogen kún inú rẹ̀ jáde, kí ó má baà máa ṣú. Díẹ̀díẹ̀, síkúrù borí ìkọ́.

Ibi tí ó ti dùn mí nìyí. Ẹni tí ó jogún ìbọn àtijọ́ á ní kí wọ́n lu ihò tuntun sí i fún awò tuntun. Ihò náà kò ṣeé dá padà. Nígbà mìíràn ó sì ń jẹ nọ́ńbà tàbí àmì tí wọ́n lù ú nígbà tí wọ́n dán an wò, èyí tí ń sọ ibi tí ó ti wá. Àwa tí ń ka ìwé àfọwọ́kọ mọ irú ìpalára bẹ́ẹ̀. Bí irin pẹlẹbẹ àtijọ́ bá wà lórí ìbọn, kí a wá alágbẹ̀dẹ tí yóò rẹ́ èékánná tuntun bá a mu, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀. Bí kò bá sí, kí a wo ẹ̀gbẹ́ òsì, bóyá ihò ìjókòó ẹ̀gbẹ́ irú ti Griffin & Howe ti wà níbẹ̀. Bí ìyẹn náà kò bá sí, kí a fi ìbọn sílẹ̀ pẹ̀lú irin ìfojúsùn tí wọ́n ṣe mọ́ ọn.