Àmì Kékeré, Ọ̀rọ̀ Ńlá: Láti Orí Lẹ́tà Òjé Dé Inú Fáìlì

Ní kíláàsì àkọtọ́, olùkọ́ á ní kí a ṣọ́ àmì ohùn, kí a má sì gbàgbé àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. A ó bá wọn ṣọ́ ọ, a ó gba máàkì wa, ó parí. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣọ́ àmì náà nígbà tí ewì bá ti kúrò lọ́wọ́ akéwì, tó ń lọ sí ilé ìtẹ̀wé? Mo tọpa ìtàn ìbéèrè yìí, ohun tí mo sì rí ni pé kì í sábà jẹ́ ìgbà tí a bá ń kọ ọ̀rọ̀ ni àmì Yorùbá ń sọnù. Ìgbà tí a bá ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́ fún títẹ̀ ló ń sọnù. Bó ṣe rí láyé òjé náà ló rí láyé kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, ọdún 1859, Henry Townsend, òjíṣẹ́ Ọlọ́run láti ìjọ CMS, gbé Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde. Òun ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè wa. Ọgọ́fà owó ẹyọ, ìyẹn 120, ni wọ́n ń tà á. Ẹ fojú inú wo iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀. Láyé ìgbà náà, òjé ni wọ́n fi ń dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ojú lẹ́tà náà á sì yí sódì bí ìgbà tí a ń wo ìwé nínú dígí. Atẹ̀wé á máa ṣà wọ́n níkọ̀ọ̀kan láti inú àpótí, á tò wọ́n ní ìlà, á dè wọ́n pinpin, kó tó fi yíǹkì pa wọ́n. Lẹ́tà tí kò bá sí nínú àpótí kò lè dé orí bébà láéláé. Tí ẹ bá fẹ́ ọ tó ní àmì lábẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti gbẹ́ ẹ, kó dà á, kó sì kó o wá pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi. Ní ọdún 1867, nígbà Ìfọ́lé, nǹkan dàrú láàárín àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn òyìnbó, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà bàjẹ́, ìwé ìròyìn náà sì kásẹ̀ nílẹ̀.

Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ àkọtọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ olùkọ́ nìkan? Nígbà tí CMS pe ìpàdé sí Èkó ní oṣù Kìíní ọdún 1875 kí wọ́n lè fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, ohun tí wọ́n bá fọwọ́ sí ni àwọn atẹ̀wé máa wá lẹ́tà fún. Lẹ́yìn èyí ni ìtàn tí gbogbo wa kọ́ ní kíláàsì: ìwé Ayọ̀ Bámgbóṣé lórí àkọtọ́ ní 1965, ìgbìmọ̀ ọdún 1966, àti àkọtọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1974, tó sọ "aiye" di "ayé". Àwọn àgbà wa ti ja ìjà ohun tó yẹ ká kọ. Ìjà bó ṣe máa dé orí bébà ló kù.

Táípúráítà kò bá wa jà á dáadáa. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ á tẹ e, á dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn, á fi ìlà tàbí àmì ìdánudúró sí abẹ́ rẹ̀. Àmì ohùn ńkọ́? Bírò ló kù. Ẹ lọ wo àwọn iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àtijọ́ ní láíbìrì, ẹ ó rí àmì tí wọ́n fọwọ́ fi sórí lẹ́tà, lójú ìwé kan dé èkejì. Ẹni tó ṣe é gbìyànjú o jàre. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe fótókópì, tí wọ́n tún fi ẹ̀dà ṣe ẹ̀dà, bírò tó fẹ́lẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ ń parẹ́.

Kọ̀ǹpútà dé, a ní ó parí. Kò parí. Àwọn fọ́ǹtì Yorùbá ìgbà yẹn, ńṣe ni wọ́n ń fi ẹ jókòó sí ipò lẹ́tà mìíràn. Lórí kọ̀ǹpútà rẹ, ẹ ni. Gbé e dé ibòmíràn tí kò ní fọ́ǹtì yẹn, ó di àmì owó tàbí àpótí òfìfo. Ọdún 1993 ni ìrànwọ́ méjì dé. Unicode fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, kí wọ́n má baà jókòó sí ipò onípò mọ́. Lọ́dún yẹn kan náà ni Adobe gbé PDF jáde, fáìlì tó lè gbé fọ́ǹtì pamọ́ sí inú ara rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nọ́ńbà méjì ni: ti lẹ́tà, àti ti àmì orí rẹ̀. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ bí a ṣe ń kó méjèèjì pọ̀ á gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó jù ú nù.

Mo mọ bó ṣe ń dunni. Mo kọ ewì kan lẹ́yìn tí bàbá mi lọ. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ ni "Ọkọ́ ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi." Mo fi àmì sí i pé, mo kó o fún ilé ìtẹ̀wé kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ṣí fáìlì náà pẹ̀lú fọ́ǹtì tiwọn, "Oko" ló sì jáde. Ẹnì kan kí mi kú oríire ilẹ̀. Ẹlòmíì bi mí pé irú mọ́tò wo ni. Ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan ní ṣé ọkọ ni bàbá mi fẹ́ fún mi ni. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọkọ́ ni bàbá mi fi sílẹ̀, kò fi nǹkan mìíràn sílẹ̀.

Àwòrán náà ní àmì kékeré tirẹ̀. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹta, ọdún 1880, ìwé ìròyìn Daily Graphic ti New York tẹ fọ́tò kan jáde nípa fífọ́ ọ sí ẹ̀kán yíǹkì wẹ́wẹ́, ńlá níbi tó dúdú, kíún níbi tó funfun. Ọgbọ́n yẹn la ṣì ń lò. Ìdí nìyí tí atẹ̀wé fi ń béèrè 300 pixel fún íǹṣì kan. Àwòrán tó fẹ̀ tó 600 pixel, íǹṣì méjì péré ló lè bò dáadáa. Tí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó di gálagàla. Tí ẹ bá wá sọ ojú ìwé ewì di JPEG, ewì ti di àwòrán nìyẹn, àmì abẹ́ àti àmì orí ló sì kọ́kọ́ máa di bàìbàì.

Àwọ̀ náà ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ pupa, ewé àti búlúù ni ojú kọ̀ǹpútà ń lò. Yíǹkì mẹ́rin ni ilé ìtẹ̀wé ń lò, òun ni wọ́n ń pè ní CMYK, dúdú sì wà lára wọn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jẹ́ yíǹkì dúdú nìkan. Tí ẹ bá fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pò ó, tí bébà yẹ̀ díẹ̀ péré, àmì ohùn kan á di méjì. Kí èèpo ìwé náà sì yọ mílímítà 3 sí ìta ní gbogbo etí, nítorí ọ̀bẹ tó ń gé etí ìwé kì í bọ́ síbi kan náà nígbà gbogbo. Èèpo A5 tó jẹ́ 148 sí 210, ẹ fi ránṣẹ́ ní 154 sí 216.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó fẹ́ tẹ ìwé ewì yín, ẹ fi PDF tó gbé fọ́ǹtì sínú ránṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ojú ìwé kan fún yín kí wọ́n tó tẹ ìyókù, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ fi ìka ka àmì rẹ̀. Ní ayé Townsend, atẹ̀wé ló ń ṣa lẹ́tà. Lónìí, ọwọ́ wa ni àpótí lẹ́tà náà wà. Ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ náà ni kó sìn ín dé ẹnu ẹ̀rọ.