Etí Tó Ń Tún Ọkọ̀ Ṣe

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Tí ẹ bá gba géètì Unilag jáde, tí ẹ forí lé ọ̀nà Bàrígà títí dé Abúlé Òkúta, ẹ ó rí àwọn mẹkáníìkì tó ń ṣiṣẹ́ létí gọ́tà, níwájú ilé onílé, lábẹ́ igi. Púpọ̀ nínú wa, a kàn ń kọjá lọ ni. A ó fọwọ́ bo imú nítorí èéfín, a ó fa ṣòkòtò sókè kí ọ́ìlì má bàa ta sí i. Bí èmi náà ṣe ń ṣe nìyẹn fún odindi ọdún kan tí mo ti ń gbé àdúgbò yẹn. Àfi ọjọ́ tí atẹ́gùn òjò ká tàpólì kúrò lórí ọkọ̀ kan lẹ́yìn ilé wa.

Celica GT ni, ti Toyota, ti ọdún 1976. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, imú rẹ̀ gùn, ó lúgọ sílẹ̀ bí ológbò tó rí eku. Wọ́n gbé e lé búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, kò sí táyà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, abẹ́ ilẹ̀kùn sì ti dógùn-ún nítorí atẹ́gùn ọ̀sà tí kò jìnnà sí wa. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló ni ín. Bàbá mẹkáníìkì tó ni ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ń bá wọn tún un ṣe, díẹ̀ díẹ̀, bí owó bá ṣe ń wọlé. Ní gbogbo Sátidé, ẹni yìí á gbé Datsun 120Y rẹ̀ wá, ẹni tọ̀hún á gbé Mazda tiẹ̀ wá, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa jiyàn lórí púlọ́ọ̀gì àti kábúrétọ̀ bí ẹni ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ wọn kò lórúkọ, kò sì ní alága. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹni tó bá dé kẹ́yìn ló máa ra mínírà.

Mo bi Bàbá mẹkáníìkì pé báwo ni wọ́n ṣe kọ́ṣẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní lọ́dún àkọ́kọ́, ọmọ ọ̀gá àwọn ni àwọn ń pọ̀n, aṣọ ìyàwó ọ̀gá ni àwọn ń fọ̀. Sípánà tó bá kan ọwọ́ àwọn, àwọn fẹ́ fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ ni. Mo ti rò pé ìyà Èkó nìkan nìyẹn, àfìgbà tí mo lọ ka ìtàn àwọn ará Jàpáànì.

Soichiro Honda, ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó kúrò lábúlé lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Tokyo, ní 1922, ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Art Shokai. Kí ni iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un? Kó máa tọ́jú ọmọ ọ̀gá! Oṣù bíi mélòó kan ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ní 1928 ọ̀gá rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀, ó padà sí Hamamatsu lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù lórúkọ ọ̀gá. Lẹ́yìn ogun, ní 1946, ó ń so ẹ́ńjìnnì kékeré tí àwọn ológun lò kù mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere. Ní 1948 ó dá ilé-iṣẹ́ Honda sílẹ̀. Nígbà tó di 1963, ó gbé ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, S500. Ẹni tó ń gbé ọmọ ọ̀gá kiri lánàá nìyẹn o.

Ti Celica náà tún dùn ju ìyẹn lọ. Orí ẹ́ńjìnnì Celica GT, Yamaha ló bá Toyota ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, Yamaha yẹn náà, tí a mọ̀ mọ́ alùpùpù àti dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1887, dùùrù ilé-ìwé kan bàjẹ́ ní Hamamatsu kan náà, wọ́n ní kí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Torakusu Yamaha wá bá wọn tún un ṣe. Nígbà tó tú u wò tán, ó ní òun náà lè ṣe irú ẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Títí dòní, àmì ilé-iṣẹ́ wọn ni irin tí àwọn olórin máa ń lù láti fi mọ ohùn, mẹ́ta tó gba ara wọn kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà débẹ̀: ilé-iṣẹ́ tó ṣe orí ẹ́ńjìnnì yìí, inú èyí tí ẹni tó tún dùùrù ṣe dá sílẹ̀ ló ti jáde.

Ní bíi ọdún mẹ́wàá sí àsìkò yẹn, ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì rọ́ jáde ní Jàpáànì. 1967 ni Toyota gbé 2000GT jáde, èyí tí iye tí wọ́n ṣe kò tó 400. Ọdún yẹn náà ni Mazda gbé Cosmo jáde, tí nǹkan inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í lọ sókè sódò bíi písítìnì, yíyí ló ń yí. 1969 ni Nissan gbé Fairlady Z jáde, òun ni wọ́n ń pè ní Datsun 240Z nílẹ̀ òkèèrè. 1970 ni Celica dé, 1978 ni Mazda RX-7. Nínú gbogbo wọn, Celica ni ẹni tó ń gba owó oṣù lè nawọ́ sí. Òun àti Carina jọ jáde ni, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọ̀kan wọ kóòtù ọ́fíìsì, èkejì wọ jíǹsì.

Báwo ló wá ṣe dé Bàrígà? Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ọjọ́ Àjíǹde gan-an, Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì títì sílẹ̀, gbogbo ọkọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Owó epo rọ̀bì ń wọlé. Ní 1974, ìgbìmọ̀ Udoji ní kí ìjọba fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́, nígbà tí wọ́n sì san èyí tó ti kọjá pọ̀ mọ́ ọn, ẹni tó ń lé mólúè di onímọ́tò. Láti 1975, Volkswagen ń to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, Peugeot ń to tiẹ̀ ní Kàdúná. Ọkọ̀ Jàpáànì náà ò gbẹ́yìn. Olóyè Michael Adé-Òjó, ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín, ti dá Elizade sílẹ̀ ní 1971. Elizabeth ìyàwó rẹ̀ àti Adé tirẹ̀ ló so pọ̀ di orúkọ yẹn, Toyota sì ni ayé fi mọ̀ wọ́n.

Nígbà tó di 1977, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó le débi pé ìjọba pín ọjọ́ fún ọkọ̀: tí nọ́ńbà rẹ bá ṣeé pín sí méjì, jáde lónìí, tí kò bá ṣeé pín, ó di ọ̀la. Kí làwọn tó lówó ṣe? Wọ́n ra ọkọ̀ kejì! Olówó Celica wa ní bí tòun ṣe dé ilé nìyẹn. Peugeot ní nọ́ńbà kan, wọ́n wá ra Celica lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, nítorí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Peugeot. Wọ́n ní, "Ìjọba ló rán mi níṣẹ́ fàájì."

Àmọ́ kì í ṣe fàájì nìkan. Àwọn ọkọ̀ yìí ti jẹ eruku ilẹ̀ Áfíríkà yó. Datsun 240Z ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1971 àti 1973. Ẹni tó wà á ní 1973 ni Shekhar Mehta, ọmọ Íńdíà tí wọ́n bí sí Uganda, tí Idi Amin lé òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ kúrò nílùú ní 1972. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló gba Safari kó tó ṣíwọ́, Datsun ló fi gbà á lẹ́ẹ̀maràárùn-ún. Nítòsí wa níbí, ní Côte d'Ivoire, Datsun gba ipò kìíní ní 1981, Celica gbà á ní 1983, 1985 àti 1986. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ní ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì Jàpáànì kò lè rin ojú ọ̀nà wa, ẹ ní kó lọ ka ìwé.

SAP dé ní 1986, náírà já lulẹ̀, ọkọ̀ tuntun di ohun tí òṣìṣẹ́ ń wò láti ojú fèrèsé. Ibẹ̀ ni tòkunbọ̀ ti gba ìgboro. Ẹ wo ọgbọ́n inú ọ̀rọ̀ yẹn: orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun la fún ọkọ̀ tí ẹlòmíì ti lò kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tó bá ti Jàpáànì tàbí ìlú ọba wá, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárín rẹ̀ wà, àwọn ọmọ iṣẹ́ á gé dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n á lu ihò tuntun, wọ́n á kó bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì sọ́wọ́ òsì. Tí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí wọ́n yí, ẹ wo wáípà rẹ̀ nígbà òjò: ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó ti dẹ́rẹ́bà ló máa ń nù mọ́ jù. Ó ṣì ń ṣe iranù ilé tó ti wá.

Tòkunbọ̀ ràn Corolla àti Accord lọ́wọ́, torí pátì wọn kún Ládípọ̀ ní Mushin. Àmọ́ Celica àtijọ́ kò rí olùrànlọ́wọ́. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti olówó wa kọṣẹ́, wọ́n fi tàpólì bò ó. Ọdún gorí ọdún.

Lókè òkun, àtúnṣe irú ọkọ̀ yìí ti di iṣẹ́ ńlá. Ní bíi 1997, Nissan ti Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ra 240Z àtijọ́ padà, ó tún wọn ṣe bíi tuntun, ó tún wọn tà. Ní 2020 Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í rọ pátì tuntun fún 2000GT àti Supra àtijọ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní àtúnṣe lọ́hùn-ún ni kí ọkọ̀ padà rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde ní ilé-iṣẹ́, dórí nọ́ọ̀tì tó kéré jù. Ní Abúlé Òkúta ńkọ́? Pánẹ́ẹ̀lì bítà gé ibi tó dógùn-ún kúrò, ó fi iná kábáàdì jó páànù dúrọ́ọ̀mù mọ́ ọn, ó ń fi òòlù lù ú títí ó fi tẹ̀ bí ó ṣe yẹ kó tẹ̀. Ara Carina ni wọ́n ti yọ bíréèkì. Oní-Datsun ní kì í ṣe Celica mọ́, àmúlùmálà ni. Olówó ọkọ̀ dá a lóhùn pé, "Eyín mi méjì kì í ṣe ti ìyá mi, ṣé èmi kọ́ ni mo ń jẹ ẹran?" Èmi fara mọ́ ti bàbá yìí. Ẹni tó bá ní kó jẹ́ pátì ilé-iṣẹ́ nìkan, ẹni tí ilé-iṣẹ́ ṣì ń rántí ni. Àwa tí a dá wà, ọwọ́ wa ni ilé-iṣẹ́ wa.

Ohun kan ṣoṣo ni wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni pàrọ̀: kábúrétọ̀. Méjì ni, ti Solex, ẹnu mẹ́rin. Atẹ́gùn tí ẹnu kọ̀ọ̀kan ń fà gbọ́dọ̀ dọ́gba, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n bí ẹni ibà mú. Bàbá mẹkáníìkì kò ní ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n. Rọ́bà omi ni wọ́n ní, bíi ẹsẹ̀ bàtà méjì. Wọ́n á fi orí kan sétí, wọ́n á gbé orí kejì sẹ́nu kábúrétọ̀, wọ́n á tẹ́tí sí bó ṣe ń mí.

Ní Sátidé tí wọ́n dáná sí i, mo wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gbà, àmọ́ ó ń gbọ̀n. Bàbá fi rọ́bà sétí ọ̀tún, wọ́n gbé e sí ti òsì, wọ́n tún gbé e padà. Wọ́n yí ìdè, ó burú sí i. Wọ́n tún yí i, ó kú. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ariwo òòlù àti ẹ́ńjìnnì láti kékeré ti mú etí Bàbá lọ, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ iṣẹ́ wọn tó gba òmìnira kẹ́yìn, ọ̀kadà ló lọ ń gùn. Àwọn mẹkáníìkì tuntun ń so kọ̀ǹpútà mọ́ ọkọ̀, ó ń sọ àrùn fún wọn. Ọkọ̀ yìí kò ní ibi tí wọ́n ń so ó mọ́.

Bàbá wo ojú gbogbo wa, wọ́n wá na rọ́bà sí mi. "Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, wá gbọ́. Kí lo gbọ́?"

Mo ní, "Bàbá, ó ń ṣe ṣíì."

"Gbogbo wọn ló ń ṣe ṣíì. Èwo ló ń pariwo jù?"

Mo gbọ́ ti àkọ́kọ́, mo gbọ́ ti ìkejì, títí dé ìkẹrin. Mo ní ìkẹta ni. Wọ́n yí ìdè bí ẹni fi ọwọ́ kan ẹyin. "Ńsinsìnyí ńkọ́?" Ó ti kéré jù. Wọ́n dá a padà díẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, etí tèmi, ọwọ́ tiwọn, ó tó wákàtí kan. Nígbà tó yá, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ọ̀kan, ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́ gbígbọ̀n. Olówó ọkọ̀ yíjú sí ògiri, wọ́n ń fi áńkáṣífù nu ìwájú orí. Kì í ṣe oòrùn o.

Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ mi, ìtàn Yamaha àti Honda wà lọ́wọ́ wa torí pé ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀. Ti Bàbá kò sí níwèé kankan, etí tí wọ́n fi pa á mọ́ sì ti ń di. Mo ti ra ìwé kékeré kan. Ojú ewé mẹ́tàlá ló ti kún: bí wọ́n ṣe ń fi abẹ ayùn irin wọn àlàfo kọ́ńtáàtì, bí wọ́n ṣe ń fi àwọ̀ púlọ́ọ̀gì mọ̀ bóyá epo pọ̀ jù. Ó ku púpọ̀. Ẹ yà wá ní Sátidé, ẹ gbé bírò dání.

Ẹ má sì tètè dé jù. Ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra ni èmi ti ra mínírà.