Kí Ni Ó Ń Sọ Ènìyàn Di Àgbà? Ara, Ipò àti Iye Ọdún nínú Ìtàn Ilẹ̀ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu Yorùbá fún ẹni tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀: àgbà àti arúgbó. Àwọn òpìtàn a máa lo méjèèjì bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àpèjúwe àwọn tí ó sọ ìtàn àtẹnudẹ́nu fún wọn. Àṣìṣe ni èyí. Ipò ni àgbà jẹ́: ènìyàn kì í ṣe àgbà lásán, àgbà ẹlòmíràn ni í ṣe. Arúgbó ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ara, ara tí ó ti gbó, ẹsẹ̀ tí kò lè dé oko mọ́. Ohun tí ìwé yìí ń gbìyànjú láti fi hàn ni pé iye ọdún, tí í ṣe ìwọ̀n kẹta, kò fi bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ nínú ìdájọ́ méjèèjì yìí kí ìjọba òyìnbó tó dé, àti pé ọ̀nà tí ó gbà wọlé mú wàhálà tí kò kéré dání.

Ní 1942, William Bascom tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí ipò àgbà nínú ètò àwùjọ Yorùbá. Ó fi hàn níbẹ̀ pé àwọn ọmọ agboolé a máa tò tẹ̀lé ara wọn bí a ti bí wọn, ṣùgbọ́n bí àwọn ìyàwó ti wọlé ọkọ ni wọ́n ń tò. Nítorí náà, obìnrin tí ó ti pé ọgbọ̀n ọdún kò gbọdọ̀ pe ọmọ ọdún mẹ́ta tí ó bá nílé ọkọ ní orúkọ. Ó ní láti wá orúkọ àpọ́nlé fún un. Lórí irú ẹ̀rí báyìí ni Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí gbé àríyànjiyàn ìwé rẹ̀ ti 1997 kà. Ẹ̀rí ti ìbejì tún lágbára ju èyí lọ. Táíwò ni ó kọ́kọ́ jáde, síbẹ̀ Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, nítorí òun ni ó rán Táíwò wá tọ́ ayé wò. Bí ó bá jẹ́ pé àkókò ìbí nìkan ni ìwọ̀n, ọ̀rọ̀ yìí kì bá tí ní ìtumọ̀.

Ìjẹ̀bú ni ó sún mọ́ kíka ọdún jù. Nínú ètò rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ níbẹ̀, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni a fi ń kó àwọn tí a bí pọ̀ sí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, tí ẹgbẹ́ náà yóò sì ní orúkọ, irú bíi Gbọ́baníyì tàbí Bọ́bagbìmọ̀. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ pàápàá, ẹgbẹ́ ni a ń kà, a kì í ka ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ní ibi púpọ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ ni kàlẹ́ńdà. Orúkọ a máa sọ díẹ̀ níbẹ̀: a bí Abíógun nígbà ogun, a bí Abíọ́dún nígbà ọdún, bí orúkọ kò tilẹ̀ sọ ogun wo tàbí ọdún wo. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ènìyàn a máa fi ogun Kírìjì (1877 sí 1893), ogun Adùbí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá (1918) tàbí àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú ti 1918 ṣe òpó ìrántí. Ohun tí ó yẹ kí òpìtàn kíyè sí ni bí gbólóhùn náà ti máa ń rí. Obìnrin náà kì í sọ pé òun jẹ́ ọmọ ọdún báyìí nígbà náà. Ó ń sọ pé òun ti lè ru omi. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè ru omi, ọmọ ọdún mọ́kànlá náà sì lè rù ú. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wò ní 1975, ó lè jẹ́ ẹni ọdún 63, ó sì lè jẹ́ ẹni ọdún 68. 'Ẹni nǹkan bí ọdún 65' tí olùṣèwádìí kọ sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin náà rárá. Iṣẹ́ ọwọ́ olùṣèwádìí ni.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí òfin owó arúgbó ti 1908 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1909 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, ẹni tí ó ti pé 70 ọdún ni ó tọ́ sí. Ní Ireland, 1864 ni ìforúkọsílẹ̀ gbogbo ìbí bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò sí arúgbó kan tí ó lè mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ wọn fi ìjì ńlá òru 6 January 1839 ṣe ẹ̀rí: ẹni tí ó bá rántí ìjì náà ti tó gba owó.

Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé owó gbígbà ni iye ọdún bá wọ Ireland. Owó sísan ni ó bá wọ ilẹ̀ Yorùbá. Lóòótọ́, ìforúkọsílẹ̀ ìbí ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1863, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó kan ilẹ̀ òkè. Nígbà tí a gbé owó-orí dé Ọ̀yọ́ ní 1916 àti Ẹ̀gbá ní 1918, ìjọba fẹ́ mọ ẹni tí ó ti tó san, kò sì sí ìwé tí yóò yẹ̀ wò. Rògbòdìyàn Ìṣẹ́yìn ti 1916 àti ogun Adùbí fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀yìn owó-orí yìí.

Abẹ́òkúta ni ọ̀rọ̀ náà ti burú jù. Níbẹ̀, àwọn obìnrin náà ń san owó-orí, ọmọbìnrin tí ó bá sì ti pé ọdún 15 ni òfin kà sí ẹni tí ó tó san. Báwo ni agbowó-orí yóò ṣe mọ̀ pé ọmọ kan ti pé 15? Gẹ́gẹ́ bí Nina Mba àti Cheryl Johnson-Odim ti ṣàlàyé, ọ̀kan nínú ẹ̀sùn àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ni pé wọ́n ń bọ́ aṣọ lára àwọn ọmọbìnrin láti wò bóyá wọ́n ti dàgbà tó. Ẹ̀gbin yìí wà lára ohun tí ó bí ìwọ́de 1947 sí 1948, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú. Wọ́n dá owó-orí obìnrin dúró ní 1948. Aláké Adémọ́lá Kejì sì gbé adé sílẹ̀ ní January 1949. Àwọn òpìtàn sábà máa ń ka ọ̀rọ̀ yìí sí ti owó àti ti ìṣèlú. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ìjọba tí ó sọ pé iye ọdún ni òun ń béèrè padà sí ara, ó sì ń yẹ ara wò ní ọ̀nà tí ìyálé ilé kankan kò jẹ́ gbà. Ní àṣà, ọwọ́ ìyá àti àwọn obìnrin agboolé ni mímọ̀ pé ọmọbìnrin ti bàlágà wà. Agbowó-orí kò ní ìpín níbẹ̀.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní 1955, bí kò tilẹ̀ ní ẹ̀gbin nínú. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní January ọdún náà, ọmọ ọdún mẹ́fà ni ó yẹ fún kíláàsì kìn-ín-ní. Ọmọ tí kò ní ìwé ìbí yóò gbé ọwọ́ gba orí kọjá. Bí ọwọ́ náà bá kan etí òdì kejì, ó ti tó. Olùkọ́ yóò wá kọ ọdún ìbí kan sílẹ̀. Ọdún yẹn, tàbí èyí tí ìbátan kan búra sí ní kóòtù lẹ́yìn náà, lè bá ọmọ náà dé ẹnu iṣẹ́ ìjọba, níbi tí òfin ti ní kí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìn tì ní ọdún 60 tàbí lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyíkéyìí tí ó bá kọ́kọ́ dé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan etí ní 1955 di arúgbó ìjọba ní 2009.

Ààlà 60 náà kò sì dúró sójú kan. Òfin 2012 sún ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì sí 70, ti 2022 sún ti àwọn olùkọ́ sí 65, àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ ti 2023 sì fi 70 fún gbogbo adájọ́ àgbà. Akọ̀wé ìjọba ti gbó ní 60. Ọ̀jọ̀gbọ́n ọjọ́-orí kan náà kò tíì gbó. Ó jọ pé ipò ti gba ẹ̀yìn wọlé padà.

Ní 2011, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó ní ₦5,000 lóṣù, láti ọdún 65 sókè. Ẹni tí ó kéré jù tí ó tọ́ sí i nígbà náà ti pé ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ní January 1955: ọwọ́ rẹ̀ ti kọjá etí tipẹ́.