Tẹ́ ẹ bá padà sí àná lọ tún ìtàn ṣe, ta ló máa sanwó ẹ̀?

1/ Ẹ fìdí kalẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. 🧵

Ìbéèrè kan wà tí kì í kúrò lórí ayélujára: "Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀rọ tó lè gbé yín padà sí àná, kí lẹ máa yí padà?" Kíá la máa ń dáhùn. Ẹnì kan á ní òun á lọ gba bàbá òun lọ́wọ́ ikú. Òmíràn á lóun á lọ dá ogun dúró. Àwọn kan ò tiẹ̀ fẹ́ ju kí wọ́n lọ kìlọ̀ fún ara wọn pé kí wọ́n má fẹ́ lágbájá 😂

Kò sẹ́ni tó ń bèèrè pé: òfin wo ni ẹ̀rọ ọ̀hún ń tẹ̀ lé?

2/ Òfin ẹ̀ ò dọ́gba o. Nínú Back to the Future tó jáde ní 1985, Marty ṣèèṣì da ìpàdé ìyá àti bàbá rẹ̀ rú, ni òun àtàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa rẹ́ nínú fọ́tò. Nínú Avengers: Endgame ti 2019, wọ́n dárúkọ fíìmù yẹn gan-an, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ta ló wá tọ̀nà nínú wọn? Kò sí. Kò tíì sẹ́ni tó lọ tó bọ̀ wá ròyìn. Àwọn òǹkọ̀wé ló jókòó tí wọ́n ṣe àwọn òfin yìí, lọ́kọ̀ọ̀kan, láàárín ọdún 130. Òfin kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹni tó ń sanwó ẹ̀. Ìtàn ìyẹn ni mo bá wá.

3/ Ẹ jẹ́ ká ti 1889 bẹ̀rẹ̀. Ọdún yẹn ni Mark Twain, ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé A Connecticut Yankee in King Arthur's Court jáde. Wọ́n la irin mọ́ Hank Morgan lórí, ó dákú, ìgbà tó máa fi lajú, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọ̀rúndún kẹfà ló bá ara ẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀, irin orí lásán ni 😭

Hank ò jókòó lásán. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó tẹ ìwé ìròyìn, ó so wáyà tẹlifóònù. Nígbà tó yá ogun dé, gbogbo ẹ̀ bàjẹ́, kò sì sí ìkankan nínú ẹ̀ tó dé inú ìwé ìtàn wa. Ìtàn kàn pa dé ni, bí omi ṣe máa ń pa dé lórí òkúta téèyàn jù sódò.

4/ Lẹ́yìn náà ni H. G. Wells kọ The Time Machine ní 1895. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ ronú ẹ̀rọ. Enrique Gaspar, ará Sípéènì, ti kọ tiẹ̀ ní 1887. Àmọ́ àlàyé Wells ló mú gbogbo ayé lọ́kàn: ohun gbogbo ní gígùn, ní fífẹ̀, ní gíga, àkókò ló ṣìkẹrin. Tí àkókò bá sì jẹ́ ọ̀nà, kí ló dé tí a ò lè rìn ín?

Ẹ wá kíyè sí nǹkan kan. Iwájú ni ọkùnrin Wells forí lé, ó dé ọdún 802,701. Kò lọ sí àná lọ fọwọ́ kan nǹkan kan.

5/ Àwọn òǹkàwé ló ta kókó náà. Ní ìparí àwọn ọdún 1920, ojú ewé lẹ́tà inú àwọn ìwé ìròyìn ìtàn sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà ni TL ayé ìgbà yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jiyàn: tí mo bá padà sẹ́yìn, tí mo pa bàbá àgbà mi kó tó bí bàbá mi ńkọ́?

Ní 1943, nígbà tí Jámánì gba ilẹ̀ Faransé mọ́lẹ̀, René Barjavel fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ìtàn nínú Le Voyageur imprudent. Akọni ẹ̀ padà sí Toulon ní 1793 láti yìnbọn pa Napoleon. Ọmọ ogun kan bọ́ sí àárín, ọta bà á. Àṣé bàbá ńlá akọni yẹn gan-an ni.

Tó bá ti pa bàbá ńlá ẹ̀, wọn ò ní bí i. Tí wọn ò bá bí i, ta ló yìnbọn? Tí kò bá sẹ́ni tó yìnbọn, bàbá ńlá ò kú, wọ́n á sì bí i. Tí wọ́n bá bí i… ẹ máa yí lọ. Ìtàn sáyẹ́ǹsì ti gbìyànjú láti tú kókó yìí lọ́nà mẹ́ta.

6/ ÒFIN KÌÍNÍ: ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, kò sì ṣeé yí padà.

Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà: àyànmọ́ ò gbóògùn. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá lọ ṣe ní àná, ẹ ti ṣe é tẹ́lẹ̀. Ó ti wà nínú ìtàn kí wọ́n tó bí yín.

Robert Heinlein gbé òfin yìí dé góńgó. Nínú By His Bootstraps, 1941, àlejò kan yọ sí ọkùnrin kan nínú yàrá ẹ̀, àṣé òun fúnra ẹ̀ ni àlejò. Nínú All You Zombies, 1959, ẹnì kan ṣoṣo ni ìyá ara ẹ̀, òun náà ni bàbá ara ẹ̀. Ẹ má bi mí, ẹ lọ kà á.

7/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka Harry Potter and the Prisoner of Azkaban ti 1999 ti bá òfin yìí pàdé. Harry rò pé bàbá òun tó ti kú ló wá gba òun là létí adágún. Ìgbà tó padà sẹ́yìn, ó fara pamọ́, ó ń retí bàbá. Bàbá ò yọ. Ìgbà yẹn ló tó yé e pé òun fúnra òun lòun rí.

La Jetée, fíìmù Faransé ti 1962 tí wọ́n fi fọ́tò to pọ̀, le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọdé kan rí ọkùnrin kan tó kú ní pápákọ̀ òfurufú, ó gbé àwòrán yẹn sọ́kàn dàgbà, òun ni ọkùnrin náà. Inú ẹ̀ ni 12 Monkeys ti 1995 ti jáde.

Owó tí òfin yìí ń gbà: ẹ ò lè gba ẹnikẹ́ni là, àfi ẹni tó ti là tẹ́lẹ̀.

8/ ÒFIN KEJÌ: ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, ṣùgbọ́n ó ṣeé yí padà.

Ray Bradbury, A Sound of Thunder, 1952. Ilé iṣẹ́ kan ń gba 10,000 dọ́là lọ́wọ́ ọlọ́dẹ láti lọ pa dáínósọ̀. Wọ́n ṣọ́ra gan-an. Ẹranko tí igi máa wó pa ní ìṣẹ́jú méjì sí i nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n yìnbọn fún. Wọ́n tẹ́ ọ̀nà irin sójú òfurufú kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má bàa kan koríko. Eckels rí ẹranko, ẹ̀rù bà á, ó ya kúrò lójú ọ̀nà, ó tẹ labalábá kan pa.

Ìgbà tí wọ́n padà délé, sípẹ́lì ara pátákó ti yàtọ̀. Ẹni tó pàdánù ìbò ààrẹ kí wọ́n tó lọ, apàṣẹwàá ni, òun ló wọlé báyìí.

9/ Òfin kejì yìí ni Back to the Future ń lò, ẹ sì wo ọgbọ́n inú fọ́tò yẹn. Tí ìyá àti bàbá ò bá fẹ́ra, ó yẹ kí Marty pa rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kí ló dé tó ń pa rẹ́ díẹ̀díẹ̀? Torí kí ọkàn wa má balẹ̀ ni. Aago ni fọ́tò yẹn, àwa òǹwòran ni wọ́n ṣe é fún.

Nígbà tó máa padà délé, àwọn òbí ẹ̀ ti lówó, ojú wọn ti là. Inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n Marty ò mọ àwọn èèyàn yìí. Ọmọ tí wọ́n tọ́ nínú ilé olówó yẹn fún ọdún 17 ńkọ́? Níbo ló wọlẹ̀ sí? Fíìmù ò bèèrè.

10/ Star Trek bèèrè ní tiẹ̀. Nínú The City on the Edge of Forever, April 1967, Kirk bá ara ẹ̀ ní New York ti 1930, ó sì nífẹ̀ẹ́ Edith Keeler, obìnrin tó ń fún àwọn aláìní lóúnjẹ. Ìwádìí fi hàn pé tí Edith bá yè, ó máa dá ẹgbẹ́ àlàáfíà sílẹ̀, Amẹ́ríkà á pẹ́ kó tó wọ ogun àgbáyé kejì, Hitler á sì borí. Mọ́tò ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ Kirk fẹ́ sáré lọ fà á. Kirk di ọ̀rẹ́ ẹ̀ mú.

Obìnrin dáadáa ló kú, kí ìtàn lè dúró bó ṣe wà.

11/ ÒFIN KẸTA: oríta ni. Tẹ́ ẹ bá yí nǹkan padà, ọ̀nà tuntun á yà, ti àtijọ́ á ṣì máa lọ.

Ó ti wà tipẹ́. Murray Leinster kọ Sidewise in Time ní 1934: àwọn ìtàn tó yàtọ̀ síra já pọ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ogun Róòmù yọ níbì kan, àsíà ọba Rọ́ṣíà ń fẹ́ ní San Francisco. Ní 1957, Hugh Everett, onímọ̀ físíìsì, gbé àbá kan kalẹ̀ tí àwọn èèyàn wá ń pè ní ayé púpọ̀. Látìgbà yẹn ni àwọn òǹkọ̀wé ti rí ẹni tọ́ka sí. Endgame ńkọ́? Oríta. Loki ti 2021 ńkọ́? Oríta ni, àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gé ẹ̀ka.

12/ Òfin kẹta tú kókó bàbá àgbà pátápátá. Ẹ pa á tán, ti ayé ibòmíràn lẹ pa, tiyín ṣì wà. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ló fi ń gbowó: òkú tiyín ṣì kú. Ẹni tẹ́ ẹ lọ gbà là, ará oríta kejì ni.

Ẹ rántí nǹkan tí Tony Stark sọ kó tó gbà láti bá wọn lọ: kí wọ́n dá àwọn tó lọ padà, ṣùgbọ́n kí wọ́n má pa ọdún márùn-ún tó ti kọjá rẹ́. Kí ló dé? Inú ọdún márùn-ún yẹn ló ti bí ọmọ ẹ̀. Ọdún tí ayé fi ń sunkún ni ọdún tí ọmọ yẹn dé.

Ẹ di gbólóhùn yẹn mú, torí òun ló gbé mi dé ibi tí mò ń lọ.

13/ Ní 1979, Octavia Butler, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará California, gbé Kindred jáde. (Mo máa sọ òpin ẹ̀ o, ẹ kọjá sí 16 tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà á fúnra yín.)

Dana pé ọdún 26 ní June 9, 1976. Ọjọ́ yẹn gan-an, òòyì kọ́ ọ, ó bá ara ẹ̀ létí odò ní Maryland, nígbà tí òwò ẹrú ṣì ń lọ. Ọmọ òyìnbó kan ń kú lọ sómi. Ó fà á yọ. Rufus lorúkọ ọmọ náà. Kò sí ẹ̀rọ, Butler ò sì ṣàlàyé kankan. Ìgbàkígbà tí ikú bá fẹ́ mú Rufus, ọ̀rúndún yẹn á fa Dana lọ. Ìgbà tí Dana bá rò pé òun fẹ́ kú ló tó ń padà sílé.

14/ Dana mọ orúkọ Rufus láti inú Bíbélì ìdílé wọn: Rufus àti Alice ló bí Hagar, Hagar ló bẹ̀rẹ̀ ìran Dana. Ohun tẹ́nì kan ò sọ fún un ni pé òyìnbó ni Rufus, àti pé ó máa jogún oko àti ẹrú.

Rufus dàgbà. Ó ra Alice, ó sì ń fipá bá a lò pọ̀. Dana ń wò ó. Tó bá jẹ́ kí Rufus kú, Alice bọ́. Àmọ́ Hagar ò ní wáyé, Dana náà ò sì ní wáyé. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ dáàbò bo ọkùnrin yẹn títí wọ́n á fi bí ọmọ.

Òfin wo ni ìwé yìí ń tẹ̀ lé? Butler ò sọ. Dana ò mọ̀ bóyá ìtàn ṣeé yí tàbí kò ṣeé yí. Ó kàn gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan lónìí, bíi tiwa ni.

15/ Butler ti ṣàlàyé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá: ọ̀dọ́ kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń bínú sí àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú pé wọ́n ti gbà fún ìyà jù. Butler rántí ìyá ẹ̀, tó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, tí wọ́n ń mú gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ìfaradà àwọn yẹn ló gbé oúnjẹ dé ẹnu àwọn tó ń bínú sí wọn.

Ìgbà tí wọ́n bí Hagar tán, Rufus gbìyànjú láti fipá mú Dana náà. Ó gún un lọ́bẹ, ó padà sí 1976, ṣùgbọ́n apá òsì ẹ̀ há sínú ògiri, ibi tí Rufus ti dì í mú. Wọ́n gé apá náà. Butler ní òun ò lè jẹ́ kó padà ní odindi.

16/ Àwa tó ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé mọ irú ìpadàbọ̀ kan: àgbà ló ń padà wá bá ọmọ. Ti Dana yí ẹ̀yìn padà: ọmọ ló lọ bá àgbà, ó sì rí ohun tí wọ́n fi ara wọn san kí òun tó délé ayé.

Èmi ò ní kẹ́nikẹ́ni máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ibi o. Ibi ni ibi. Ohun tí mò ń sọ ni pé ibi àná àti àwọn èèyàn òní ti wọ ara wọn bí ewé àti ọ̀rá àgbò. Tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ fa ọ̀kan tu, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó so mọ́ ọn.

17/ Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá tún wo fíìmù tí wọ́n ti ń padà sí àná, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta:

Ọ̀nà kan ni, àbí oríta?
Tí wọ́n bá yí i padà, ta ló ṣì rántí ti tẹ́lẹ̀?
Ta ló sanwó ẹ̀?

Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n bi pé kí lẹ máa yí padà, ẹ mí kanlẹ̀ ná. Ẹ ka àwọn ọmọ tí wọ́n bí látìgbà yẹn, ẹ ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tó dáhùn.

Ó tán o. Fíìmù tàbí ìwé wo lẹ rò pé ó ṣe òfin ẹ̀ dáadáa jù? Ẹ jẹ́ ká jà nísàlẹ̀ 👇🏾