Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà àti Ilé Ọkọ: Ìtàn Stephanie Shirley

Ìtàn tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n inú ilé tèmi ni ìbéèrè tó fà á yọ ti ṣẹ̀ wá.

Ìyàwó mi a máa kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Òru ni wọ́n sábà máa ń gbé ètò tuntun sórí ẹ̀rọ ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tí àwọn oníbàárà bá ti sùn. Ní òru ọjọ́ kan, àbíkẹ́yìn wa ń sunkún, fóònù ìyá rẹ̀ sì ń dún léraléra. Inú bí mi, mo ní, "Ìyá Àdùnní, ṣé iṣẹ́ lo fẹ́ ni, àbí ilé?" Ó wò mí, ó ní, "Bàbá Àdùnní, ta ló kọ́kọ́ sọ fún yín pé ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì?"

N kò rí èsì fọ̀. Olùkọ́ ni mí. Bí ìbéèrè bá borí mi, ìwé ni mo máa ń sá lọ bá. Ìwé ló sì mú mi dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Stephanie Shirley.

Ìlú Dortmund ní ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1933. Vera Buchthal ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Júù ni bàbá rẹ̀, adájọ́ sì ni kí ìjọba Hitler tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1939, nígbà tí ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́fà, àwọn òbí rẹ̀ fi òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sínú ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ojú irin tó ń kó àwọn ọmọdé sá àsálà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tọkọtaya kan tí kò mọ̀ wọ́n rí ló gbà wọ́n tọ́.

Ní ọdún 1951, ó gba iṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí Iléeṣẹ́ Ìfìwéránṣẹ́ ní Dollis Hill ní London, níbi tí Tommy Flowers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ẹ̀rọ Colossus nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò lálẹ́, títí ó fi gboyè. Ibẹ̀ náà ni ó ti pàdé Derek Shirley, onímọ̀ físíìsì. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1959.

Kí ìtàn tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a mọ irú ayé tí wọ́n wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin tó bá ń ṣe iṣẹ́ ọba gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní kété tó bá ti lọ́kọ. Ọdún 1946 ni wọ́n tó mú òfin yìí kúrò lórí iṣẹ́ ọba ní gbogbogbòò. Ní ti àwọn tó ń ṣojú ìjọba ní ilẹ̀ òkèèrè, ó di ọdún 1973. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ fún òfin náà. Èdè wa kò ní. Gbólóhùn gígùn ni mo fi ṣàlàyé rẹ̀ fún yín yìí. Bí wọ́n sì ti mú òfin kúrò, àṣà kò bá a lọ. Ẹni tó bá lóyún àkọ́kọ́, wọn a kí i pé ó dàbọ̀ ní ibi iṣẹ́. Báyìí ni àwọn obìnrin tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dunjú ṣe ń jókòó sílé, tí ìmọ̀ wọn ń jẹrà.

Stephanie Shirley rí èyí. Nígbà tó tún rí i pé ọ̀nà ìgbéga ti dí mọ́ òun náà, ó fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀. Ní ọdún 1962, ó fi pọ́n-ùn 6 péré dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ ilé rẹ̀, ó sì pè é ní Freelance Programmers. Àwọn obìnrin tí ìgbéyàwó tàbí ọmọ bíbí ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni ó ń wá kiri. Ilé wọn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ní wákàtí tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹ má ṣe rò pé wọ́n ní kọ̀ǹpútà nílé o. Ní ayé ìgbà yẹn, kọ̀ǹpútà kan tó yàrá kan. Pẹ́ńsù àti ìwé ni wọ́n fi ń kọ ètò, tí a ó wá lu ihò rẹ̀ sára káàdì tàbí tépù kí ẹ̀rọ tó lè kà á. Pẹ́ńsù, ìwé, lẹ́tà àti tẹlifóònù tó. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a gún iyán nínú ewé, bí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó.

Ó kọ lẹ́tà títí sí àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá láti tọrọ iṣẹ́, wọn kò dá a lóhùn. Ọkọ rẹ̀ ló gbà á nímọ̀ràn pé kí ó máa fi "Steve" dípò "Stephanie" sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Bí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìlẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Wọn a ti fún un láàyè láti wá kí wọ́n tó mọ̀ pé obìnrin ni. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ dúró díẹ̀ síbí. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni, tó sì ń jẹ́ Olúfẹ́mi, kì bá tí nílò láti yí orúkọ padà rárá. Púpọ̀ nínú orúkọ wa kì í sọ bóyá akọ ni tàbí abo, arọ́pò-orúkọ "ó" kò sì yà wọ́n. Èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa tú àṣírí yẹn kí ènìyàn tó lanu sọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní ọdún 1963, ó bí ọmọkùnrin kan, Giles. Nítorí kí oníbàárà má baà gbọ́ igbe ọmọ lórí tẹlifóònù, ó gba ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sínú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, a sì máa tan án tí ìpè bá wọlé, bí ẹni pé ọ́fíìsì ńlá ni òun wà. Láti inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin wọ̀nyí ti kọ ètò fún ẹ̀rọ tó ń gba ìròyìn ìrìn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú Concorde. Nínú 300 òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ náà gbà, 297 jẹ́ obìnrin. Nígbà tí ìjọba ṣe òfin ọdún 1975 pé a kò gbọdọ̀ fi akọ tàbí abo ṣe òdiwọ̀n ìgbanisíṣẹ́, òfin tí wọ́n ṣe nítorí obìnrin ló wá di dandan fún un pé kó ṣílẹ̀kùn fún ọkùnrin!

Bí mo bá dúró síbí, ìtàn náà yóò dùn, ṣùgbọ́n kò ní pé. Giles ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọmọdé ti í ṣe, ṣùgbọ́n kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ fi kúrò lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Àwọn oníṣègùn pe ipò rẹ̀ ní autism. Tọkọtaya náà jọ ń tọ́jú rẹ̀, wárápá tún wá kún un. Iṣẹ́ ń pè, ọmọ ń pè, títí ara ìyá fi kọ̀ ọ́, tí òun fúnra rẹ̀ di èrò ọsibítù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Giles náà lò ní ọsibítù. Nígbà tí owó dé, ìyá rẹ̀ ra ilé kan, ó gba àwọn olùtọ́jú, ó sì mú un jáde wá síbẹ̀. Ní ọdún 1998 ni Giles kú, ẹni ọdún 35.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Ibi àti àkókò iṣẹ́ ni Stephanie Shirley yí padà, ó sì fi hàn pé ìgbéyàwó kì í ba ọpọlọ obìnrin jẹ́. Ṣùgbọ́n mímú iṣẹ́ wọlé kò dín ẹrù kù. Ó kàn gbé ẹrù méjèèjì jókòó sínú yàrá kan ni.

Àwọn ìyá ńlá wa mọ apá méjèèjì yìí. Inú agbo ilé ni obìnrin Yorùbá máa ń gbé òfì ìdúró rẹ̀ sí láti hun kíjìpá; ẹ̀yìnkùlé ni ìkòkò aró àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Òṣogbo ń wà. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, ọmọ a sì máa ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ tó bá gbé ìyàwó tuntun, ojúṣe rẹ̀ ni láti wá owó òwò fún un. Obìnrin alájàpá a lọ sí ọjà jíjìnnà. Ìyá ọkọ, orogún àti àwọn ọmọbìnrin inú ilé a máa tọ́jú ọmọ dè é. N kò sọ pé ayé ìgbà náà kò ní ìnira. Àwọn ọmọbìnrin tó ń pọn ọmọ ọlọ́mọ mọ bó ti rí lára wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó retí pé kí ẹni kan ṣoṣo gbé ẹrù náà. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Àwa tọkọtaya òde òní ti kúrò ní agbo ilé. Orogún kò sí, ìyá ọkọ wà ní ìlú mìíràn. Àwọn ọwọ́ yẹn ti lọ, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò lọ. Ta ni yóò ṣe é? Ìyàwó nìkan ni mo ti ń fi sílẹ̀ fún láìmọ̀, kí n tó wá máa bi í pé èwo ló fẹ́.

Ní ọdún 1996, iléeṣẹ́ tó fi pọ́n-ùn 6 bẹ̀rẹ̀ wọ ọjà ìpín ìdókòwò. Ó ti pín apá kan nínú rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ṣáájú, 70 nínú wọn sì di olówó mílíọ̀nù. Derek kú ní ọdún 2021, lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún àti díẹ̀ tí wọ́n ti jọ wà. Òun náà dágbére fáyé ní oṣù Ògún, ọdún 2025, ní ẹni ọdún 91.

Mo ti padà fún Ìyá Àdùnní ní èsì ìbéèrè rẹ̀: àwọn tó ṣètò iṣẹ́ bí ẹni pé òṣìṣẹ́ kò ní ilé ló yà wọ́n sọ́tọ̀, èmi náà sì gbà fún wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbọ́. Ní òru tí ètò tuntun bá ń gorí ẹ̀rọ báyìí, èmi ni mo máa ń pọn ọmọ.