Àgbà Akẹ́kọ̀ọ́ àti Òṣùwọ̀n Ẹ̀kọ́

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá. Òwe yìí bá àgbà tó padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ mu. Síbẹ̀, ìbẹ̀rù kan wà: bí a bá ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn, ṣé òṣùwọ̀n ẹ̀kọ́ kò ní wálẹ̀?

Nígbà tí Open University ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní 1971, kò béèrè ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn olùdánwò láti yunifásítì mìíràn ń yẹ iṣẹ́ wọn wò. Ẹnu ọ̀nà ni ó fẹ̀. Ìdánwò kò rọ̀.

Ní 1983, tọkọtaya tó jọ lọ sí sinimá rí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú Educating Rita: onídìrí tí ọkọ rẹ̀ dáná sun ìwé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ta á lọ́rẹ máàkì. Ó ṣiṣẹ́, ó yege.

Ọdún náà ni òfin dá irú yunifásítì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìjọba ológun tì í pa ní 1984. A tún un ṣí ní 2002. Ibẹ̀ ni Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ààrẹ àná, ti gboyè ọ̀mọ̀wé ní 2018, nígbà tó ti lé ní ọmọ 80 ọdún.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́ orí kọ́ ni òṣùwọ̀n, iṣẹ́ ni.