Ohun Tí Mo Bá Lábẹ́ Àga Ìjàpá

Tí ẹ bá ń wo fọ́tò mọ́tò àtijọ́ lórí Instagram, ẹ ó rí i pé ìta ni wọ́n máa ń yà jù: ọ̀dà tó ń dán, bọ́ńpà tó ń kọ mọ̀nà, táyà tí wọ́n fọ̀ tó mọ́ fínfín. Èmi náà rò pé ibẹ̀ ni ìtàn mọ́tò wà. Ọjọ́ tí mo wa Ìjàpá bàbá mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń rán àga mọ́tò n'Íbàdàn ni mo tó mọ̀ pé inú gan-an ni ìtàn ń gbé.

Ìjàpá ni àwa Yorùbá ń pe Volkswagen Beetle. Ẹni tó bá ti rí bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe tẹ̀ kò ní béèrè ìdí. Ọdún 1976 ni bàbá mi ra tiwọn. Olùkọ́ ni wọ́n nígbà náà. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, owó tí gbogbo ayé ń pè ní owó Údójì. Ilé iṣẹ́ Volkswagen náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ ní Èkó láti oṣù kẹta ọdún 1975. Bàbá mi yá owó mọ́tò níbi iṣẹ́, wọ́n sì ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù wọn. Bí olùkọ́ ṣe di onímọ́tò nìyẹn.

Wọ́n wá sọ fún mi pé Ìjàpá yẹn làwọn fẹ́ gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ọ̀pẹ́ ọdún 80 wọn. Ẹ́ńjìnnì ò ní wàhálà. Inú mọ́tò ni wàhálà wà. Aṣọ òrùlé ti já wálẹ̀, dáṣíbọ́ọ̀dù ti sán, sípíríǹgì àga dírẹ́bà sì ti ń gún èèyàn nídìí. Èmi ti ní èrò tèmi: lẹ́dà aláwọ̀ mílíìkì, òwú pupa, bí mo ṣe rí i lórí fóònù. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ kàn bá mi kó gbogbo ẹ̀ dànù." Bàbá náà wò mí, wọ́n mú abẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n ní, "Ọmọ mi, jẹ́ ká tú u wò ná."

Ìbòrí mẹ́rin la bá, ọ̀kan lórí ìkejì. Kò sẹ́ni tó ya ti àtijọ́ sọnù rí. Ńṣe ni wọ́n ń rán tuntun lé e lórí. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni sípíríǹgì onírin wà. Lórí ẹ̀ ni aṣọ àpò wà, irú èyí tí wọ́n fi ń di kòkó. Lórí aṣọ àpò ni fọ́nrán èèpo àgbọn wà, tí wọ́n fi rọ́bà lẹ̀ pọ̀ títí tó fi dà bíi tìmùtìmù. Ọgbọ́n yìí ti wà kí mọ́tò tó dáyé. Àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ní Yúróòpù ló ti ń ki irun ẹṣin sínú àga, tí wọ́n sì ń fi awọ tàbí aṣọ bò ó. Nígbà tí mọ́tò dé, àwọn oníṣẹ́ yẹn náà ló rán àga rẹ̀. Àwa náà kò ṣàì mọ irú iṣẹ́ yìí: ẹ ṣáà mọ tìmùtìmù aláwọ tí wọ́n ń ṣe ní Ọ̀yọ́. Awọ ewúrẹ́ láti Kánò àti Sókótó sì gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lọ sí Àríwá Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwọn òyìnbó ń rà á tí wọ́n ń pè é ní awọ Mòrókò.

Ohun kan wà níbí tó yà mí lẹ́nu. Gbogbo wa lónìí gbà pé awọ ni àga olówó. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí níbẹ̀rẹ̀ o. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò ńlá tí wọ́n ṣe títí di àwọn ọdún 1930, ìta gbangba ni dírẹ́bà ń jókòó sí bíi ti ẹni tó ń da ẹṣin. Òjò ń pa á, oòrùn ń pa á. Torí náà ni wọ́n ṣe fi awọ bo àga tiẹ̀, nítorí awọ kì í tètè bàjẹ́. Ọ̀gá tó wà lẹ́yìn, aṣọ irun àgùntàn tó rọ̀ tó sì móoru ló ń jókòó lé. Títí dòní, Toyota Century tí wọ́n fi ń gbé àwọn èèyàn ńláńlá ní Japan, aṣọ irun àgùntàn ni ọ̀pọ̀ wọn yàn láàyò.

Ìbòrí àkọ́kọ́, èyí tó bá Ìjàpá wa jáde láti ilé iṣẹ́, dúdú ni. Lẹ́dà là ń pè é, àmọ́ màlúù kankan ò kú nítorí ẹ̀. Láti ìgbà tí mọ́tò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ni awọ gidi ti wọ́n jù. Àwọn tó ń ṣe mọ́tò wá ń lo aṣọ òwú tí wọ́n fi kẹ́míkà kùn. Ọ̀kan tó lókìkí nínú wọn ni Fabrikoid, tí DuPont ra ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ní 1910. Ní 1926, Waldo Semon, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ B.F. Goodrich, rí ọ̀nà láti sọ PVC di ohun tó rọ̀. PVC yìí kan náà ni páìpù omi tó wà nílé yín. Ó le gbagidi fúnra ẹ̀. Òróró kan tí wọ́n pò mọ́ ọn ló ń jẹ́ kó rọ̀. Ìdí nìyẹn tí lẹ́dà fi ń sán lọ́dọ̀ wa: oòrùn ń fa òróró yẹn jáde díẹ̀díẹ̀, lẹ́dà á sì máa padà di páìpù.

Lẹ́dà yìí ló bá Ìjàpá mu. Mọ́tò àwọn èèyàn ni orúkọ Volkswagen túmọ̀ sí ní èdè Jámánì. Èyí tó lé ní mílíọ̀nù 21 ni wọ́n ṣe kó tó di pé èyí tó gbẹ̀yìn jáde ní Mexico ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2003. Àga tí ọmọ lè da omi sí, kí ìyá fi àkísà nù ún, ni mọ́tò bẹ́ẹ̀ nílò.

Ìbòrí kejì, lẹ́dà pupa. Bàbá mi rántí ẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní, "Àsìkò SAP nìyẹn." Ní 1986 ni ìjọba gbé ètò SAP dé. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ díẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1990, dọ́là kan ti tó nǹkan bíi náírà 8. Mọ́tò tuntun wá di ohun tí olùkọ́ ń fojú wò lásán. Àsìkò yẹn ni tọ̀kunbọ̀ gbòde, orúkọ tí à ń pe ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tó padà wálé, tí a wá fún mọ́tò àlòkù. Ẹni tí ò lágbára tọ̀kunbọ̀, ó di dandan kó tún ti ọwọ́ ẹ̀ ṣe. Ọ̀gá aránga yìí sọ fún mi pé ìgbà yẹn làwọn kọ́ṣẹ́, oníbàárà sì ń tò bíi ẹni tó wá gba epo. Fóòmù ni wọ́n ń kì sí ojú ibi tí fọ́nrán àgbọn bá ti jẹ. Ọdún 1937 ni Otto Bayer àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì rí kẹ́míkà tí fóòmù ti jáde, Vitafoam sì ti ń bẹ n'Íkẹjà láti 1962. Kò wọ́n bí ohun tó ń ti òkè òkun bọ̀.

Ìbòrí kẹta, aṣọ aláwọ̀ kọfí tó ní òdòdó wẹ́ẹ́rẹ́. Bí abẹ́fẹ́lẹ́ ṣe kàn án ni bàbá mi dìde lórí àpótí tí wọ́n jókòó sí. Wọ́n ní, "Ẹ dúró ná." Aṣọ àga pálọ̀ wa ni. Ìyá mi ló rà á lọ́jà Gbági ní ọdún 1993, ó ṣẹ́ kù, wọ́n sì ní kí wọ́n fi rán àga mọ́tò. Ìyá mi ti ṣaláìsí. Àga pálọ̀ yẹn ti lọ tipẹ́. Mi ò mọ̀ pé aṣọ náà ṣì wà láyé. Ìbòrí kẹrin, èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ló ti ń bò ó lọ́wọ́ oòrùn láti ọdún yìí wá. Àwọ̀ rẹ̀ ò ṣí rárá.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá le. Àwọn tó ń tún mọ́tò àtijọ́ ṣe káàkiri ayé máa ń fẹ́ dá a padà sí bó ṣe jáde ní ilé iṣẹ́. Ní òkè òkun, ẹ lè ra ìbòrí tí wọ́n ti rán sílẹ̀ fún Ìjàpá, kó bá ti ọdún tí wọ́n ṣe é mu régí. Èrò dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ọdún wo ni ká dá tiwa padà sí? Tá a bá ní 1976, a jẹ́ pé a máa ju aṣọ ìyá mi nù. Tá a bá tẹ̀ lé lẹ́dà mílíìkì tèmi, a máa ju gbogbo ẹ̀ nù. Mo rò ó, ojú tì mí díẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, àtúnṣe ni ìtàn mọ́tò. Ẹni tó bá kó àtúnṣe náà dànù ti kó ìtàn dànù. Ṣebí nínú àlọ́ náà, ẹ̀yìn Ìjàpá Tìrókò fọ́, wọ́n sì tò ó pọ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti tò ó la fi ń dá a mọ̀.

Bá a ṣe ṣe é nìyí. A kọ́kọ́ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀. Òrùlé la fi bẹ̀rẹ̀, torí ẹ gbọ́dọ̀ yọ gíláàsì kí ẹ tó lè fi gọ́ọ̀mù lẹ etí aṣọ náà dáadáa. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ara ilẹ̀kùn àti kápẹ́ẹ̀tì. Àga ló gbẹ̀yìn, kí ìdọ̀tí má bàa bà á jẹ́. Ọ̀gá tú ojú rírán lẹ́dà dúdú ti 1976, wọ́n tẹ́ ẹ sórí lẹ́dà tuntun, wọ́n gé e tẹ̀ lé e. Sípíríǹgì tó ti dá nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Wọ́n fi aṣọ àpò kòkó tuntun bò ó, fọ́nrán àgbọn tó ṣì dáa padà sí àyè ẹ̀, fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì gorí ẹ̀. Iwájú gba lẹ́dà dúdú. Aṣọ ìyá mi kò tó bo gbogbo ẹ̀yìn, torí náà àárín àga ẹ̀yìn, níbi tí èèyàn ń jókòó sí gan-an, ni wọ́n fi ṣe, wọ́n sì fi lẹ́dà dúdú yí i ká. Lẹ́dà pupa di àpò kékeré lára ilẹ̀kùn.

Tí Ìjàpá tàbí 504 kan bá ń jẹrà lẹ́yìn ilé yín, kí ẹ tó ní kí wọ́n kó inú ẹ̀ dànù, ẹ tú u wò ná. Kí ẹ sì pe àgbà kan kó jókòó tì yín nígbà tí ẹ bá ń tú u.

Lọ́jọ́ ọ̀pẹ́, bàbá mi kọ̀, wọn ò jókòó síwájú. Wọ́n ní ẹ̀yìn làwọn ń lọ. Èmi ni dírẹ́bà, mo jókòó sórí lẹ́dà. Ọ̀gá mi wà lẹ́yìn, lórí aṣọ.